Ta Ni Ó Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn òbí ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ogun Waterside

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ọmọ ènìyàn ní aláìlágbára, tí ó sì sọ ọ́ di alágbára lẹ́yìn náà. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ni. Ẹni tí ó ń wá owó ilé ìwé, tí ó sì ń wá owó oúnjẹ, lè béèrè pé kí ni ti eré nínú gbogbo ìṣòro tí ó wà nílùú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí kò fẹ́ kúrò nínú yàrá mọ́ ti ń pọ̀ sí i. Òbí tí ó sì ń yọ̀ pé ọmọ òun kì í rìn kiri lè má mọ̀ pé ohun kan ń sọnù lọ́wọ́ ọmọ náà, ohun tí owó kò lè rà padà.

ỌMỌ KAN NÍ ÌRỌ̀LẸ́

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ kan ṣe àkàwé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ilé bàbá rẹ̀ wà ní Òkè-Ṣópẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n ti kírun Alásárì, oòrùn sì ti rọ̀. Àwọn ọmọ mẹ́ta ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé kejì, ariwo wọn sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ọmọ yìí jókòó sórí àga, fóònù ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí ó jáde lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ó ní oòrùn mú, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn kò mú. Ìyá tún un sọ. Ó ní inú ń run òun. Nígbà tí bàbá wọlé, ó gba fóònù, ó sì lé e síta. Ọmọ náà dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ń wo àjèjì. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ó yọ́ wọlé. Bàbá ní ọ̀lẹ ni. Ìyá ní ojú ní ń tì í. Kò sí ẹni tí ó béèrè pé láti ìgbà wo ni ọmọ yìí ti kọ ìta, àti pé ta ni ó kọ́ ọ.

Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méjì, kò sí ẹni tí ó lè dá a dúró. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí báyìí, ó ti sá jáde. Erùpẹ̀ ni ó fẹ́ràn, omi òjò ni ó fẹ́ràn, adìyẹ ni ó ń lé kiri. Ìgbà náà ni ohùn inú ilé bẹ̀rẹ̀: má jáde, ìwọ yóò ṣubú, má fọwọ́ kàn án, ó dọ̀tí, má bá ọmọ yẹn ṣeré, ọmọ ìta ni, tètè wọlé, gbọ́mọgbọ́mọ yóò gbé ọ lọ. Ọdún méje ni ó fi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Nígbà tí ó wá gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tán, àwọn tí ó kọ́ ọ ni ó ń bínú pé ó gbọ́ràn.

OHUN TÍ Ó GBA ÌTA LỌ́WỌ́ ỌMỌ

Àwọn àgbà tí wọ́n dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú gẹdú àti ìlú obì, mọ irú ìta tí ó wà rí. Bí òṣùpá bá yọ, àwọn ọmọ agbo ilé a péjọ. Wọn a ṣe bojúbojú, wọn a ta òkòtó, wọn a ta àrìn, wọn a ja ìjàkadì. Àwọn ọmọbìnrin a máa ṣe tẹńtẹ́ń, wọn a sì máa fo súwè. Kò sí ẹni tí ó ra ohun ìṣeré fún wọn. Irin kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀, igi kékeré ni wọ́n sì fi ń tì í. Bí ọmọ kan bá ṣubú, ìyá tí ó bá wà nítòsí ni yóò gbé e dìde, ìbáà ṣe òun ni ó bí i, ìbáà ṣe òun kọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà ní ìta nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí ìta fi dùn tí ó sì fi láàbò.

Ní Ogun Waterside, láti Àbígí lọ dé Ìwópìn àti Mákùn-Omi, níbi tí ọ̀sà wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ènìyàn, ọmọ apẹja a máa kọ́ ìwẹ̀ àti ìtukọ̀ nínú eré kí ó tó di iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ ọ bí ọmọ ilé ìwé. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ omi ní etí bèbè, ẹ̀gbọ́n sì ń ṣọ́ ọ.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Ohun púpọ̀ ni. Ilẹ̀ dín kù. Ní Àgọ́-Ìwòyè, láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọdún 1982, èyí tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ní ọdún 2001, ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ó ṣófo. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ìlú kò lè dàgbà kí ilẹ̀ má dín kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń wọn ilẹ̀ fún ilé, fún ṣọ́ọ̀bù àti fún ọgbà ọkọ̀, kò sí ẹni tí ó wọn ti ọmọdé. Àwọn ọ̀kadà pọ̀ lójú ọ̀nà. Odi yí ilé ká. Bí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, lẹ́sìn ni. Bí ó bá ti lẹ́sìn dé, kéú ni. Bí ó bá ti kéú dé, ilẹ̀ ti ṣú.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 2020 dé. Àrùn kòrónà wọ ìlú, ìjọba ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa, wọ́n sì sé ìgboro Ìpínlẹ̀ Ògùn mọ́. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, ilé ni ọmọ wà. Ohun tí ó tọ́ ni nígbà náà, nítorí pé ẹ̀mí ni a ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn padà, àwọn ọmọ kan kò jáde mọ́. Fóònù tí ó jẹ́ ilé ìwé wọn nígbà àrùn ti di pápá ìṣeré wọn lẹ́yìn àrùn.

ÌBẸ̀RÙ ÀNÁBÌ YÁKÚBÙ

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìbẹ̀rù òbí ṣe yẹ̀yẹ́. Ajínigbé wà. Ọkọ̀ wà. Omi jíjìn wà. Òbí tí kò bẹ̀rù fún ọmọ rẹ̀ ti sọ ìwà òbí nù. Ọlọ́hun pàápàá sọ ìtàn bàbá kan tí ó bẹ̀rù nípa eré ọmọ rẹ̀ fún wa nínú Súrátù Yúsúfù.

Àwọn ẹ̀gbọ́n Yúsúfù wá bá bàbá wọn, Ànábì Yákúbù. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí Yúsúfù bá àwọn lọ ní ọjọ́ kejì, kí ó lọ gbádùn, kí ó sì lọ ṣeré. Ẹ kíyè sí èsì bàbá. Kò sọ pé eré kò dára. Kò sọ pé ọmọ Ànábì kì í ṣeré. Ohun tí ó sọ ni pé ẹ̀rù ń ba òun kí ìkookò má baà pa á jẹ nígbà tí wọn kò bá bojú tó o. Ìbẹ̀rù rẹ̀ wà lórí àìbojútó; kò sí lórí eré. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì já sí bí ó ṣe já sí, ìkookò kọ́ ni ó pa Yúsúfù lára, pápá kọ́, eré kọ́. Àwọn tí a fi ọmọ tì ni wọ́n ju ọmọ sínú kànga.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí òbí máa bi ara rẹ̀ kì í ṣe pé, ṣé inú ilé ni ọmọ wà tàbí ìta. Ìbéèrè náà ni pé: ta ni ó wà pẹ̀lú rẹ̀? Ọmọ tí ó wà ní ìta, tí àgbà kan tí a fọkàn tán jókòó níbẹ̀, kò dá wà. Ọmọ tí ó wà nínú yàrá, tí ilẹ̀kùn tì, tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, lè máa bá àjèjì tí bàbá rẹ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì lè máa wo ohun tí ìyá rẹ̀ kò lè wò láìbojú. Ìkookò ti wọlé, a sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ òun àti ọmọ papọ̀.

BÍ ÀNÁBÌ TI ṢE PẸ̀LÚ ÀWỌN ỌMỌDÉ

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń mú ọmọ jáde, kí ó wo ìṣe Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Inú hádíìsì ni a ti rí ìtàn mẹ́ta yìí, ìtàn tí ó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀.

Èkíní ni ti Anas ọmọ Málíkì, ọmọdé tí ó ń ran Ànábì lọ́wọ́ nínú ilé. Ní ọjọ́ kan, Ànábì rán an níṣẹ́. Ó kọjá níbi tí àwọn ọmọ ń ṣeré ní ọjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró. Ó pẹ́ díẹ̀, ó rí i pé ẹnì kan di òun mú ní ẹ̀yìn ọrùn. Ó wo ẹ̀yìn, Ànábì ni, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó fi orúkọ ìkẹ́ pè é, ó bi í bóyá ó ti lọ síbi tí òun rán an. Kò sí pàṣán, kò sí èébú. Mélòó nínú àwọn bàbá òní ni yóò bá ọmọ níbi eré nígbà tí ó yẹ kí ó wà lójú iṣẹ́, tí ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀?

Èkejì ni ti Husayn, ọmọ ọmọ rẹ̀. Wọ́n pe Ànábì síbi oúnjẹ, òun àti àwọn sàhábà rẹ̀ sì ń lọ. Wọ́n bá Husayn tí ó ń ṣeré lójú ọ̀nà. Ànábì sáré síwájú àwọn ènìyàn, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ ń sá sọ́tùn-ún, ó ń sá sósì, Ànábì ń bá a ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi mú un. Lójú gbogbo ènìyàn ni. Ẹni tí ó jẹ́ olórí ìlú, tí ìwàásù àti ìdájọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ka sísáré lé ọmọ sí àbùkù.

Ẹ̀kẹta ni ó bá ọ̀rọ̀ ọmọ tí ń lọ́ra mu jù lọ. Nana Áíṣà ní àwọn ọ̀rẹ́bìnrin tí wọ́n jọ ń fi ọmọláńgidi ṣeré. Bí Ànábì bá wọlé, ojú a tì wọ́n, wọn a sá pamọ́. Kò bínú sí wọn, kò sì fi wọ́n sílẹ̀ síbi tí wọ́n sá sí. Ṣe ni ó máa ń rọra mú wọn padà wá bá a, kí wọ́n lè máa bá eré wọn lọ. Ó mọ̀ pé nítorí òun ni wọ́n ṣe sá, òun náà ni ó sì mú wọn padà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Àgbà tí ó lé ọmọ wọlé ni ó yẹ kí ó mú ọmọ jáde.

ṢÉ ERÉ KÌ Í ṢE ÒFÒ?

Ẹlòmíràn yóò ní Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé ti pe ayé yìí ní eré àti ìranù, nítorí náà kí ọmọ jókòó ti ìwé rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Àgbàlagbà tí ó fi ọjọ́ ìkẹyìn sílẹ̀ tí ó gbájú mọ́ ayé ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Kò bá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ó ń sáré wí.

Imam Abu Hamid al-Ghazali, onímọ̀ ńlá tí ó kú ní ọdún 1111, sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ọmọ nínú ìwé rẹ̀ Ihya Ulum al-Din. Lẹ́yìn tí ó ti sọ pé kí ọmọ lọ sí ilé kéú, ó ní kí a jẹ́ kí ó ṣe eré tí ó dára bí ó bá ti ibẹ̀ dé, kí ó lè sinmi kúrò nínú wàhálà ẹ̀kọ́. Ó kìlọ̀ pé bí a bá ń dí ọmọ lọ́wọ́ eré, tí ó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ nìkan ni a ń dì lé e lórí, ọkàn rẹ̀ yóò kú, òye rẹ̀ yóò dín kù, yóò sì máa wá ọgbọ́n ẹ̀tàn tí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ náà pátápátá. Ó lé ní 900 ọdún tí ọkùnrin yìí ti lọ, ṣùgbọ́n bí ẹni pé ó wo inú yàrá lẹ́sìn wa ni.

Àwọn òfin òde òní gbà pẹ̀lú rẹ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ti ọdún 1989, nínú abala 31, ka eré mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní ọdún 1991, abala 12 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003 sì tún un sọ. Òbí tí ó fún ọmọ láyè láti ṣeré kò ṣe é lóore lásán. Gbèsè ni ó san.

OHUN TÍ ỌMỌ Ń PÀDÁNÙ

Ọlọ́hun fi ọ̀pọ̀ oore sínú ìmọ́lẹ̀ ọjọ́. Ojú ọmọ ni kí a kọ́kọ́ wò. Ní ìlú Guangzhou ní Ṣáínà, àwọn onímọ̀ mú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 12. Ní ìdajì wọn, wọ́n fi ìṣẹ́jú 40 kún àkókò tí àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ ń lò ní ìta lójoojúmọ́. Ní ìdajì yòókù, wọn kò fi kún un. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú ọmọ 100 tí kò jáde kún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 tí ojú wọn kò ríran jìnnà dáadáa mọ́. Láàárín àwọn tí ó jáde, 30 ni. Ọdún 2015 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Kò sí oògùn níbẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́. Ìṣẹ́jú 40 lábẹ́ ọ̀run ni.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé ó kéré tán, kí ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 5 sí 17 máa lo wákàtí kan lójúmọ́ nínú eré tàbí iṣẹ́ tí ń mú ara gbóná. Ní ọdún 2019, wọ́n ti sọ pé kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má lò ju wákàtí kan lọ lójúmọ́ níwájú tẹlifísàn tàbí fóònù, àti pé bí ó bá kéré sí i, ó sàn. Eré ìta ń mú egungun le, ó ń mú ọkàn ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì ń mú oorun alẹ́ wọra.

Ṣùgbọ́n òfò tí ó tóbi jù kò sí nínú ojú tàbí egungun. Inú ẹgbẹ́ ni ó wà. Ní ìta ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ti ń pàdánù láìjà, bí a ti ń borí láìfi ẹlòmíràn ṣẹ̀sín, bí a ti ń tọrọ àforíjì kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ padà. Fóònù kò lè kọ́ ọ ní èyí, nítorí pé bí eré inú fóònù bá bí i nínú, yóò pa á ni, yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ọ̀rẹ́ kò ṣeé pa kí a sì tún tàn.

Gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú mọ ohun tí ẹgbẹ́ jẹ́. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí Ojúde Ọba bá kò ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn regbéregbé a máa tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́, àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ ara wọn. Ẹni tí ó bá wò wọ́n yóò rò pé aṣọ ni ó so wọ́n pọ̀. Aṣọ kọ́. Ọ̀pọ̀ wọn jọ jẹ iyẹ̀pẹ̀ ni, wọ́n jọ ja, wọ́n jọ parí ìjà. Ọmọ tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ta ni yóò dúró tì í nígbà tí ó bá di ẹni àádọ́ta ọdún? Ta ni yóò bá a gbé òkú bàbá rẹ̀?

BÍ A TI Ń MÚ ỌMỌ JÁDE

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń pẹ̀ka kò gbọdọ̀ gé igi lulẹ̀. Nítorí náà, kí òbí rọra.

Èkíní, kí ó béèrè ìdí. Bóyá ọmọ kan ń lù ú ní ìta. Bóyá wọ́n ń fi ìrìn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bóyá kò rí bọ́ọ̀lù dáadáa tí ó bá ń bọ̀. Bóyá ikọ́ fée ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS náà lè ṣeré, ṣùgbọ́n kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó máa sinmi bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, kí òtútù àti òjò má pa á, kí òbí sì gba ìmọ̀ràn dókítà. Ọmọ tí a ń pè ní ọ̀lẹ lè jẹ́ aláìsàn tí kò mọ bí yóò ti sọ ọ́.

Èkejì, kí bàbá tàbí ìyá kọ́kọ́ jáde fúnra rẹ̀. Kí ó má sọ pé, jáde. Kí ó sọ pé, ẹ jẹ́ kí a jáde. Kí ó gbé àga síta. Kí ó ju bọ́ọ̀lù sí ọmọ. Kí ó fi bí wọ́n ti ń ta òkòtó hàn án, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ rí i pé bàbá òun náà ń ta á kù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ní ọjọ́ kìíní. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Kí bàbá má sì gbàgbé fóònù tirẹ̀. Bàbá tí ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, tí ó sì jókòó ti tirẹ̀ títí di òru, ẹnu rẹ̀ ni ó fi kọ́ ọmọ. Ọmọ kì í sì tẹ̀lé ẹnu.

Ẹ̀kẹta, kí a wá ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo fún un ná. Ọmọ tí ojú ń tì kò lè wọ àárín ọmọ mẹ́wàá lọ́jọ́ kan. Kí a pe ọmọ aládùúgbò kan wá, kí àwọn méjèèjì jọ fi erùpẹ̀ kọ́lé tàbí kí wọ́n jọ fún adìyẹ lóúnjẹ. Bí ọ̀rẹ́ náà bá lọ sí àárín ẹgbẹ́, yóò fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ.

Ẹ̀kẹrin, kí a mọ àkókò. Ànábì pàṣẹ pé kí a kó àwọn ọmọdé jọ sínú ilé nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, àti pé bí apá kìíní òru bá kọjá, a lè fi wọ́n sílẹ̀. Nítorí náà, àárín Alásárì sí Mọ̀gàríbì ni àkókò ọmọdé. Kí a yọ wákàtí kan nínú rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ lẹ́sìn àti kúrò lọ́wọ́ iṣẹ́ ilé. Ẹ̀yin olùkọ́ kéú, bí ẹ bá fún àwọn ọmọ ní wákàtí yìí kí wọ́n tó wá jókòó ti wàláà, ẹ ó rí i pé ohun tí wọ́n ń kọ́ yóò tètè wọ orí wọn.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má gbàgbé àwọn ọmọbìnrin. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bọ́ọ̀lù ni ti ọkùnrin, ìgbálẹ̀ àti abọ́ fífọ̀ ni ti obìnrin. Ànábì bá Nana Áíṣà sáré ìje. Nígbà kan Áíṣà ni ó borí, nígbà mìíràn Ànábì ni. Ọmọbìnrin náà ní ara tí ó yẹ kí ó le.

Ẹ̀kẹfà, kí àwọn tí ó wà létí omi má fi omi ṣeré. Kí ọmọ kọ́ ìwẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí àgbà sì wà létí bèbè nígbà gbogbo. Kí ọmọ ìgboro mọ̀ pé ojú títì kì í ṣe pápá.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a má na ọmọ síta. Ọmọ tí a fi ẹgba lé jáde yóò ka ìta sí ibi ìyà. Kí a má sì fi í wé ọmọ ẹlòmíràn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Kí ó ṣubú, kí ó dìde, kí bàbá rẹ̀ sì wà ní iwájú tí ó ń wò.

IṢẸ́ ÀDÚGBÒ

Ilé kan ṣoṣo kò lè dá a ṣe. Kí ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún ní àdúgbò kan fohùn ṣọ̀kan pé àgbà kan yóò máa jókòó ní ìta ní ìrọ̀lẹ́, lónìí bàbá yìí, lọ́la ìyá yẹn. Ohun tí ó tú ìbẹ̀rù Ànábì Yákúbù nìyẹn: ojú tí kò gbàgbé ọmọ. Kí àwọn onílé tí ilẹ̀ wọn ṣì ṣófo jẹ́ kí ọmọdé lò ó títí di ọjọ́ tí wọn yóò kọ́lé. Kí mọ́sáláṣí tí ó ní àgbàlá máà lé ọmọdé kúrò níbẹ̀. Àwọn ará Habaṣa fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́sáláṣí Ànábì ní ọjọ́ ọdún. Umar fẹ́ lé wọn, Ànábì sì ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀. Ọmọ tí a bá lé kúrò ní àgbàlá mọ́sáláṣí lónìí, kí a má bínú bí a kò bá rí i nínú sààfù ìrun ní ogún ọdún sí i.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọ Òkè-Ṣópẹ́n, tí ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Kò nílò ìwàásù. Kò nílò ẹgba. Ohun tí ó nílò ni kí bàbá rẹ̀ bọ́ agbádá, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ní ẹnu ọ̀nà, kí ó lọ dúró sí àárín àwọn ọmọ mẹ́ta náà, kí ó sì yíjú padà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí kò bá wá lónìí, kí bàbá tún jáde lọ́la. Àwọn tí ó wà nínú ilé ni wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn. Àwọn náà ni kí wọ́n ṣí i.

Kí Ọlọ́hun bá wa wo àwọn ọmọ wa. Kí ó dáàbò bò wọ́n nínú ilé àti ní ìta, kí ó fún wọn ní ara líle, ọkàn pípé àti ọ̀rẹ́ rere. Kí ó má jẹ́ kí a fi ìbẹ̀rù wa jí ìgbà ọmọdé wọn gbé. Àmín.